Ipa Violetta nínú ọ́pẹ́rà ní ọmọ ọdún 27: ṣé kí n gbà á, àbí kí n lọ máa kọ Papagena fún ọdún méjì?

OhùnÒkè kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi sọ òótọ́, ẹ má fi dùn mí nínú.

Sopránò ni mí, ìyẹn ohùn obìnrin tó ga jù, ọmọ ọdún 27. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àkókò mi ní sítúdíò ilé ọ́pẹ́rà kan, ìyẹn ibi tí wọ́n máa ń kó àwa ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ sí, tí a ó máa kọ ipa kéékèèké, tí a ó máa gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, tí wọ́n á sì máa fún wa lówó táṣẹ́rẹ́. Ohun tí mo ti kọ níbẹ̀ nìyí: Barbarina, Papagena (ipa kékeré nínú The Magic Flute ti Mozart), Frasquita nínú Carmen, àlùfáà obìnrin inú Aida (ẹ̀yìn ìtàgé ni mo ti kọ ọ́, ìyá mi ní òun ò rí mi rárá), àti Zerlina nígbà tí ẹni tó ni ipa náà ṣàìsàn.

Ìwé méjì ló wà níwájú mi báyìí. Ilé ọ́pẹ́rà kékeré kan ní Jámánì fẹ́ gbà mí mọ́ àwọn akọrin rẹ̀ tó ń gba owó oṣù, ọdún méjì gbáko. Pamina (ipa ńlá nínú eré kan náà tí Papagena wà), Gretel, Musetta, Ännchen nínú Der Freischütz, Papagena lẹ́ẹ̀kan sí i, operetta (ọ́pẹ́rà apanilẹ́rìn-ín tó ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú), àti eré àwọn ọmọdé láàárọ̀. Ìwé kejì wá láti ọ̀dọ̀ àjọ̀dún orin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Violetta nínú La traviata ti Verdi, obìnrin tí gbogbo eré náà dá lé lórí, ni wọ́n fẹ́ kí n kọ, alẹ́ mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi nìkan, kò sí ẹni tí yóò máa bá mi pín in. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé eré náà kiri títí di oṣù Kọkànlá. Nítorí náà mi ò lè mú méjèèjì.

Éjẹ́ǹtì mi ní kí n gba Violetta kíá. Ó ní ẹni tó bá ti kọ Violetta, ẹnikẹ́ni kì í tún pè é wá kọ Papagena mọ́. Olùkọ́ ohùn mi kò sọ púpọ̀. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló máa sọ fún ẹ pé kí o dákẹ́?" Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo lè kọ àríà yẹn o, orin tí Violetta máa ń dá kọ. "Sempre libera" wà lọ́fun mi, E-flat òkè tó kẹ́yìn rẹ̀, nóòtì tó ga gan-an, náà wà, mo ti fi lọ ìdíje. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ odindi eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Kí ni ẹ rí sí i?


ÌróBàbà kọ:

Gbà á, àbúrò! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo mọ àwọn kan tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí ohùn wọn máa "tó", títí tí ìdíje fi kọjá wọn. Operalia, ìdíje ńlá àwọn akọrin ọ́pẹ́rà, kì í gba ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 32 lọ; ìdíje ilé Metropolitan ní New York, 30 ni tiwọn. Ọdún méjì tí o máa fi kọ orin fún àwọn ọmọdé láàárọ̀, ta ló máa dá a padà fún ẹ?


BàbáDùùrù kọ:

Ọmọ mi, ìdí dùùrù ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn akọrin ní ipa wọn kí wọ́n tó bá ọ́kẹ́sírà pàdé. Violetta tí mo ti bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe díẹ̀, gbogbo wọn ló sì kọ́kọ́ sọ gbólóhùn tí o sọ yẹn: "Mo lè kọ àríà yẹn." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn àríà yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Jẹ́ kí a jọ ṣí ìwé orin náà. Ìṣe kìíní, ohùn fẹ́lẹ́, ohùn tó ń sáré, C òkè tẹ̀ lé C òkè. E-flat tó ń dùn mọ́ ẹ nínú yẹn, Verdi kò kọ ọ́ síbẹ̀ rárá. Àwọn sopránò ló fi kún un, ó sì ti mọ́ àwọn èrò lára débi pé ẹni tí kò bá kọ ọ́, wọ́n á máa kùn. Ó dáa, o kọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, aṣọ ìkélé àkọ́kọ́ wálẹ̀. Ìṣe kejì, Germont, bàbá Alfredo olólùfẹ́ rẹ, wọlé. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ìwọ àti bàbá yẹn yóò fi máa fa ọ̀rọ̀, kò sì sí òkè kankan níbẹ̀ tí o máa fi ṣe fáàrí. Àárín ohùn ló pọ̀ jù. "Dite alla giovine" gbọ́dọ̀ kéré, kí ó sì dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹkún wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n bí ìwọ fúnra rẹ bá sunkún, ọ̀fun dí nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, "Amami, Alfredo" dé. Gbogbo ọ́kẹ́sírà dìde, o sì ní láti gun B-flat kọjá lórí wọn láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò tíì tó á bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀fun ti orin. Àgbọ̀n á yọ síwájú, ahọ́n á fà sẹ́yìn, iṣan kan á sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò mọ̀dí. Nóòtì náà á jáde o. Àwọn èrò ò ní mọ nǹkan kan. Èmi tí mo jókòó sí ìwọ̀n apá méjì sí i ni mo rí iṣan yẹn.

Ìṣe kẹta, o wà lórí ibùsùn. Olùdarí eré tó fẹ́ràn òótọ́ á ní kí o dùbúlẹ̀ gbalaja kọ "Addio del passato". Ṣáájú rẹ̀ ni kíka lẹ́tà: sísọ ni ìyẹn, kò ní orin nínú, fáyólíìnì ló ń rọra lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ mọ bí ohùn akọrin ṣe rí lẹ́yìn ìṣe méjì, lẹ́tà yẹn ni mo máa ń tẹ́tí sí. Ohùn tó ti rẹ̀ máa ń ha nínú ọ̀rọ̀ sísọ kí ó tó ha nínú orin. Bẹ́ẹ̀, "Gran Dio! morir sì giovane" ṣì ń bọ̀, ó sì fẹ́ agbára tí o rò pé o ti ná tán.

Ipa yìí ti le láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ní 6 Oṣù Kẹta 1853 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní La Fenice ní Venice, ìṣe kìíní dùn mọ́ àwọn èrò. Nígbà tó máa fi di ìṣe tó kẹ́yìn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Verdi fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà lọ́jọ́ kejì pé eré náà kùnà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò tíì gbọ́n ni. Sopránò Mirella Freni ti kọ Mimi nínú La bohème ní La Scala ní Milan ní 1963 lábẹ́ kọ̀ńdọ́ktọ̀ Karajan tí gbogbo ayé ń yìn ín. Ní oṣù Kejìlá 1964, ní ilé kan náà, lábẹ́ kọ̀ńdọ́ktọ̀ kan náà, ó bọ́ sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí Violetta, ọmọ ọdún 29, wọ́n sì hó lé e lórí. Anna Moffo ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn Freni ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó kọ Violetta níbòmíràn nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Karajan tún ní kó wá kọ Turandot, ipa tó wúwo gan-an, ó ní rárá. Karajan o! Àwọn tó lè sọ rárá fún ọkùnrin yẹn ò pọ̀. Ní 2005, ó ṣì wà lórí ìtàgé ní Washington, ẹni àádọ́rin ọdún.

Ẹ wá wo Maria Callas, sopránò náà ni. Ní oṣù Kìíní 1949, ní Venice, ó kọ Brünnhilde inú Die Walküre, kò sì pé ọjọ́ mélòó kan tó fi kọ Elvira inú I puritani nítorí pé ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ ṣàìsàn. Ẹrù erin lórí kan, ẹrù ẹyẹ lórí kejì, ọrùn kan náà ló ń rù ú. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Ní 5 Oṣù Keje 1965, ó kọ Tosca ní Covent Garden, ìyẹn sì ni odindi ọ́pẹ́rà tó kọ kẹ́yìn. Ọmọ ọdún 41 ni. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tó gba ohùn rẹ̀ títí dòní, n kò fẹ́ dá sí i. Ọjọ́ orí yẹn nìkan ni mo ní kí o wò. 41! Ọjọ́ orí tí ohùn sopránò máa ń gbó dáadáa nìyẹn.

Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí o dé, má béèrè lọ́wọ́ wa. Wá ẹni tó ń lu dùùrù dáadáa, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, kọ gbogbo rẹ̀ ní ohùn kíkún, má fi ìdajì ohùn tàn án, sinmi níbi tí eré máa ti sinmi nìkan. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kọ nóòtì márùn-ún ní àárín ohùn rẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá jáde láìsí afẹ́fẹ́ nínú wọn, sinmi, kí o tún odindi eré náà kọ ní ọ̀túnla. Ìwé tí wọ́n fún ẹ ní alẹ́ mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó láti fi wò ó.

Ọ̀rọ̀ ìta gbangba wá nìyí, òun ló bà mí lẹ́rù jù. Nínú ilé, ògiri máa ń dá ohùn rẹ padà sí ẹ létí, o mọ̀ pé o ti dé ẹ̀yìn. Níta, kò sí ògiri. O kọrin, ohùn lọ, kò padà. Gbogbo ara rẹ á máa sọ fún ẹ pé kò tó, kò tó, wàá sì máa fi kún un. Àwọn àjọ̀dún kan bíi ti Bregenz máa ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Béèrè bóyá tiwọn náà ń lò ó. Àwọn tó ń pè ọ́ yẹn ò ní sọ ọ́ fúnra wọn.


Ẹgbẹ́Ilé kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ sà, BàbáDùùrù. Àbúrò mi OhùnÒkè, inú irú ilé tó kọ lẹ́tà kìíní sí ẹ yẹn ni mo wà, sopránò ni èmi náà, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kí o má bàa rò pé ọ̀run ni.

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń lẹ àtòjọ ìgbáradì ti ọjọ́ kejì mọ́ ara ògiri. Títí di ìgbà yẹn, o ò mọ̀ bóyá aago mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ ẹ àbí alẹ́. O ò lè lọ kọrin nílé ibòmíràn láì gba àyè, bí wọ́n bá sì fún ẹ láyè, wọ́n á fẹ́ kí o wà nítòsí tó láti padà bí ẹnì kan bá ṣàìsàn. Ní oṣù Kejìlá, Hänsel und Gretel ní aago mọ́kànlá àárọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, òun náà lálẹ́. Gretel ń fò, ń jó, ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, o sì ní láti dà bí ọmọ kékeré pẹ̀lú orúnkún àgbàlagbà. Nínú operetta, ọ̀rọ̀ sísọ ni mo kọ́kọ́ kú sí, kì í ṣe orin: ojú ewé lórí ojú ewé ti èdè Jámánì, kí o sì pa àwọn èrò lẹ́rìn-ín níbi tó yẹ.

Bí ọ̀gá tuntun bá dé láti máa darí ilé náà, ó lè ní òun ò fẹ́ ohùn rẹ mọ́, òfin sì fún un láyè láti sọ pé nítorí iṣẹ́ ọnà ni. Mo ti rí ibi tí ìdajì àwọn akọrin ti kó ẹrù ní sáà kan náà. Ọdún méjì tí wọ́n kọ fún ẹ yẹn, ọdún méjì ni lóòótọ́; ṣùgbọ́n má ra ohun tó wúwo.

Gbogbo ìyẹn, n kò ní fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Ìdí ni pé gbọ̀ngàn náà kéré, ọ́kẹ́sírà náà kò pọ̀, owó oṣù ń wọlé bí o bá ṣàìsàn, Pamina tí o kọ ní oṣù Kẹwàá á padà wá ní oṣù Kẹta. Ìyẹn ni mi ò rí níbòmíràn. "Ach, ich fühl's" ti oṣù Kẹwàá, èémí ni mo ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó padà wá, ara mi ti mọ ibi tí èémí wà, mo wá ráyè wo ojú Tamino tó kọ̀ láti dá mi lóhùn, inú sì bí mi níbẹ̀ gan-an, lórí ìtàgé. Kọ̀ńdọ́ktọ̀ rí i, ó fa orin náà díẹ̀ sí i fún mi. Kò sí ẹ̀kọ́ sítúdíò tó fún mi nírú ẹ̀ rí.

Rí i dájú pé wọ́n kọ Fach rẹ sínú kọ́ńtíráàtì: irú ohùn tí o jẹ́, àti irú ipa tí wọ́n lè ní kí o kọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí ẹlòmíràn, wọ́n ní kí n wá kọ Agathe, ipa tó wúwo ju tèmi lọ nínú Der Freischütz. Mo ṣí ìwé náà, mo na ìka sí ìlà yẹn, ọ̀rọ̀ parí. Bí o bá kọ́kọ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sọ ọ́ di àṣà.

Ní ti alẹ́ mẹ́jọ láìsí ẹnì kejì, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ obìnrin. Ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù, tán-án-ná ọ̀fun máa ń wú díẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà lára rẹ̀ a sì máa tètè bẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ sí àárín ẹ. Bí ọ̀fun bá wú, tí kò sì sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ, wọ́n á wá dókítà tó máa fún ẹ ní steroid. Ó ń ṣiṣẹ́, wíwú á lọ, wàá sì kọrin. Àmọ́ ìpalára tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, o kàn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ ni. Má sì lo aspirin fún ìrora láàárín àkókò yẹn, torí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè ya.


OhùnÒkè kọ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, mo ka ọ̀rọ̀ lẹ́tà inú ìṣe kẹta yẹn, mo pa fóònù dé.

Ohun kan wà tí mi ò kọ́kọ́ sọ. Éjẹ́ǹtì mi ní bí mi ò bá fẹ́ Violetta, kí n jẹ́ kí òun wá Bess fún mi, nínú Porgy and Bess, pé ìyẹn á "rọrùn" fún òun láti rí. Mo mọ ìdí tó fi rọrùn. Adúláwọ̀ ni mí. Kí ni kí n ṣe sí ìyẹn?


Ẹgbẹ́Ilé kọ:

Ó rọrùn nítorí pé àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sí eré Gershwin yẹn fi dandan lé e pé adúláwọ̀ ni kí ó kọ ọ́. Nítorí náà, ilé tí kò tíì pe adúláwọ̀ kankan wá kọ Pamina rí á wá wa nígbà yẹn, lọ́pọ̀ yanturu, lẹ́yìn náà ó di ìgbà míì. Orin náà dára, mi ò bú u. "Bess, you is my woman now" wà lára ohun tó dùn jù láti kọ. Ó sì wúwo o, Bess kì í ṣe ipa fún Zerlina.

Leontyne Price, sopránò adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ Bess kiri ayé láti 1952. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé Metropolitan pè é wá kọ Aida, ipa ẹrú, ó ní rárá, ó dúró. 27 Oṣù Kìíní 1961 ló tó wọlé síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Leonora nínú Il trovatore, ọmọ ilé ọlá. Franco Corelli náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní alẹ́ kan náà, àmọ́ orúkọ Price ni àwọn ènìyàn ń fi alẹ́ yẹn rántí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló wá kọ Aida fún wọn, ó sì fi í dágbére fún ìtàgé ní 1985. Kì í ṣe ipa náà ló kọ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni.

Sọ fún éjẹ́ǹtì rẹ pé Pamina ni kó lọ wá. Golda Schultz wọlé sí Metropolitan pẹ̀lú Pamina ní 2017, ọmọ South Africa ni.


Ọ́fíìsìÌtàgé kọ:

Ẹ kú àárọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń yan akọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tábìlì lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ kì í ti rí ojú wa nígbà ọ́díṣàn.

ÌróBàbà, má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ náà ní òótọ́ nínú. Ọjọ́ orí ìdíje ń lọ lóòótọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé Violetta ní àjọ̀dún ìta gbangba kò wọ̀ wá lójú tó bí ẹ ṣe rò. Bí mo bá rí i lórí ìwé ọmọ ọdún 27, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni fídíò, mo sì máa ń fò ó lọ sí ìṣe kẹta tààrà. Bí kò bá sí ìṣe kẹta nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú ọ́díṣàn, ẹ̀yin lẹ ń yan àríà kìíní, àwa là ń yan ìkejì nínú márùn-ún tí ẹ mú wá. Bí ẹ bá fi "Sempre libera" sí i, ó ṣeé ṣe kí a má béèrè rẹ̀ láéláé, torí gbogbo ènìyàn ló ń mú un wá. Ẹ gbọ́, ẹnì kan mú orin Barbarina wá lọ́jọ́ kan, èyí tó fi ṣí ìṣe kẹrin Figaro, tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Orin kékeré ni, F minor, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo wa gbé orí sókè. Kíkéré l'abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Anna Gottlieb tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1786, ọmọ ọdún 12 ni. Òun náà ni Mozart fi ṣe Pamina àkọ́kọ́ ní 1791. Ilé ìtàgé ìgbà náà kéré, ọ́kẹ́sírà wọn kò pariwo tó tòní, ẹ má fi ọmọ yẹn díwọ̀n ara yín.

Àbúrò OhùnÒkè, ọ̀nà kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ. Béèrè pé kí wọ́n fi ẹ́ ṣe ẹni tó ń kọ́ ipa náà pamọ́, tó máa rọ́pò bí ẹni tó ni ín bá ṣàìsàn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe wọlé. Sopránò Pretty Yende, ọmọ South Africa, rọ́pò ẹlòmíràn nínú Le Comte Ory ní Metropolitan ní oṣù Kìíní 2013; ó kọsẹ̀ bó ṣe ń jáde sórí ìtàgé ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó dìde, ó kọrin, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní 2011 ló gba Operalia, ó sì ti wà ní La Scala ṣáájú ìgbà yẹn. Ilẹ̀ ti gbá kí àlejò tó dé.


OhùnÒkè kọ:

Mo ti ṣe ohun tí Bàbá ní kí n ṣe. Mo kọ odindi rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tó ń lu dùùrù tí kì í rẹ́rìn-ín. Ìṣe kìíní dùn. Nígbà tí mo parí "Amami, Alfredo", ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Àgbọ̀n rẹ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A parí eré náà. Ní àárọ̀, nóòtì márùn-ún yẹn jáde, afẹ́fẹ́ sì wà nínú mẹ́ta.

Mo kọ̀wé sí àwọn àjọ̀dún náà pé mi ò ní lè kọ alẹ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mo lè kọ Annina, ìránṣẹ́bìnrin Violetta, kí n sì máa kọ́ Violetta pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú, fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, kí n lè lọ sí Jámánì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbà, ó yà mí lẹ́nu. Éjẹ́ǹtì mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lánàá ó fi Pamina kan ránṣẹ́ sí mi fún ọ́díṣàn, kò sì kọ nǹkan kan sí i.

Ìbéèrè tó kù: nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san fún Annina, wọn ò kọ iye tí wọ́n máa san bí mo bá rọ́pò Violetta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí? Òjò ńkọ́?


Ọ́fíìsìÌtàgé kọ:

Rárá o. Owó méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀: ti kíkọ́ ipa náà pamọ́, tí wọ́n máa san yálà o kọ ọ́ àbí o ò kọ ọ́, àti ti alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá bọ́ sórí ìtàgé. Ní kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ó kéré tán, o máa ṣe ìgbáradì lórí ìtàgé kan pẹ̀lú ọ́kẹ́sírà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alẹ́ tí wọ́n bá pè ẹ́ ni wàá kọ́kọ́ mọ ibi tí ibùsùn wà.

Ní ti òjò, wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ju agbára ẹ̀dá lọ. Ìlà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé fi fa iṣẹ́ ya lọ́wọ́ àwọn akọrin ní 2020 nígbà tí ìtàgé tì, tí àwọn tó ti kọ́ ipa wọn tán kò rí kọ́bọ̀. Ní kí wọ́n fi kún un pé bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé, owó rẹ pé.


BàbáDùùrù kọ:

Àgbọ̀n yẹn, ọmọ mi, má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, mo mọ̀ pé wàá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ gbólóhùn "Amami" yẹn ní ìpele tó fi nóòtì mẹ́ta lọ sílẹ̀, lórí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, kí o máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àgbọ̀n bá ti jáde, dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, má fi í sílẹ̀.